Ajẹ́lẹ̀, Adelé àti Akọ̀wé Olóǹtẹ̀

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021 ni ará Bìrìtéènì tó bá fẹ́ lọ máa gbé ní Faransé ti di àjèjì bíi ti àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè yòókù. Ṣáájú ìgbà náà, ìwé ìrìnnà lásán ló fi ń wọlé. Ó lè gba ilé, ó lè wáṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìwé ìgbélùú. Nísinsìnyí, bó bá fẹ́ dúró ju oṣù mẹ́ta lọ, ó gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra nílé, bó bá sì ti dé, oríṣiríṣi ọ́fíìsì ló ń dúró dè é. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti di ọmọ onílùú ní Bìrìtéènì wà lára àwọn tó ń ṣí lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ ohun tó wà nínú lẹ́tà ìjọba Faransé yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ń wọ́n òun lẹ́nu. Iṣẹ́ tó yẹ ká ṣe nìyẹn, ká sì ṣe é dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan tí a ṣì túmọ̀ lè gba ilé lọ́wọ́ èèyàn.

Ohun tó máa ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì la máa ń gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ Faransé á di Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì á di Yorùbá, nígbà tí yóò bá fi dé etí wa, iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ti bọ́ sọnù lójú ọ̀nà. Ìlànà tèmi ni pé ká kọ́kọ́ béèrè: kí ni nǹkan yìí wà fún, ta ló láṣẹ lórí rẹ̀, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ní in? Ìdáhùn wọ̀nyẹn ni ká fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ká mú orúkọ ẹni tó ń lọ gan-an. Àwọn ará Bìrìtéènì tó wà ní Dordogne àti Brittany ní orúkọ pàtàkì kan, expat, tí wọ́n máa ń pe ara wọn, èyí tí wọn kì í fi pe ọmọ Áfíríkà tó wá gbé ní London. Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ yẹn, n kò sì rí ìdí kankan tí a ó fi yá a. Àtìpó ni ẹni tó kúrò nílùú rẹ̀ tó lọ ń gbé nílùú onílùú, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ oko, ì báà jẹ́ adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ni mo máa lò. Ní ti titre de séjour, ìwé ìgbélùú ni kó máa jẹ́ lọ. Àwọn kan ní London máa ń sọ pé “ó ti ní pépà,” ṣùgbọ́n pépà kò ya físà sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé ọmọ onílùú, ní Faransé sì rèé, ohun tí èèyàn lè ṣe lórí ọ̀kan, kò lè ṣe é lórí èkejì. Ẹni tó gba físà àlejò ọlọ́jọ́ gígùn, fún àpẹẹrẹ, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Préfecture ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé ìgbélùú ti ń wá, préfet ló sì ń darí rẹ̀. Napoléon ló dá oyè yìí sílẹ̀ lọ́dún 1800. Ìjọba Paris ló ń yan ẹni náà, òun ló ń rán an lọ sí agbègbè, òun náà ló lè gbé e kúrò nígbà tó bá wù ú; ẹnikẹ́ni kì í dìbò fún un. Bí a bá pè é ní gómìnà, a ti ṣi ọmọ Nàìjíríà lọ́nà, nítorí ìbò ló ń gbé gómìnà tiwa wọlé. “Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀” pàápàá kò tọ̀nà, nítorí Faransé kì í ṣe àpapọ̀ ìpínlẹ̀ kankan. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu rẹ́gí: ajẹ́lẹ̀. Ẹni tí Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn rán lọ jókòó sí ìlú tó wà lábẹ́ wọn, kó máa ṣojú aláṣẹ níbẹ̀, ni ajẹ́lẹ̀. Nígbà tí òyìnbó amúnisìn dé tó sì fi òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan, àwọn baba wa kò wá orúkọ mìíràn lọ. Ajẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n pè é.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi ta kò mí. Orúkọ yẹn kò dùn létí ará Èkìtì. Ìwà ìrẹ́jẹ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn wà lára ohun tó dá ogun Kírìjì sílẹ̀, ogun tí wọ́n jà láti 1877 títí di 1893, tí orúkọ Fábùnmi Òkèmẹ̀sí, jagunjagun Èkìtì, kò sì tíì parẹ́ nínú ìtàn rẹ̀. Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Síbẹ̀ ajẹ́lẹ̀ ni mo yàn, nítorí pé ó kọ́ àtìpó ní ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀: ibi tí àṣẹ ti ń wá. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń sáré tọ olórí ìlú wọn lọ nítorí ìwé ìgbélùú, pàápàá ní abúlé tí olórí ìlú ti jẹ́ ẹni tó ń kí wọn lójoojúmọ́. Kò sí ohun tí ọkùnrin náà lè ṣe sí i. Mairie tirẹ̀, ibẹ̀ la ti ń forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, ibẹ̀ la ti ń so yìgì, ibẹ̀ la ti ń tọrọ àṣẹ láti kọ́lé. Gbọ̀ngàn ìlú ni mo pè é. N kò pè é ní ìjọba ìbílẹ̀, nítorí pé ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Nàìjíríà lè kó ọ̀pọ̀ ìlú sínú, nígbà tí Faransé ní ìlú tó ní gbọ̀ngàn tirẹ̀ tó sún mọ́ 35,000, tí òmíràn nínú wọn kò ju abúlé kékeré lọ.

Ó yẹ kí n sọ èyí pẹ̀lú. Àwọn ará Kétu àti Sábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin ti ń bá préfet àti mairie lò tipẹ́tipẹ́, nítorí irú ètò yìí ni Benin jogún lọ́wọ́ Faransé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti wà lẹ́nu wọn fún nǹkan wọ̀nyí, ọ̀dọ̀ wọn ni ká ti gbà á kó tó di pé a jókòó sí Èkó tàbí London tí a ń dá tuntun.

Fáìlì ni ajẹ́lẹ̀ máa ń béèrè kó tó fúnni níwèé. Ẹ jẹ́ ká wo méjì péré nínú ohun tó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni justificatif de domicile. Bílì iná mànàmáná ló sábà máa ń jẹ́: orúkọ ẹni gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, àdírẹ́sì gbọ́dọ̀ pé, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ jù tí wọ́n ti kọ ọ́. Ìyá tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tí bílì kò sí lórúkọ rẹ̀, ọmọ náà ni yóò kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọ̀dọ̀ òun ni ìyá òun ń gbé, yóò fi bílì tirẹ̀ àti ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ tì í. Ẹ̀rí ibùgbé ni mo pè é. Bí a bá ní “ẹ̀rí ilé,” ẹni tó gbọ́ lè rò pé ìwé tó fi ra ilẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Èkejì ni àyè kan lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ nom de naissance sí. Atúmọ̀ tó bá yára yóò kọ “orúkọ àbísọ,” jàǹbá sì ti dé nìyẹn. Ìyá wa yóò kọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ síbẹ̀, nítorí pé ohun tí orúkọ àbísọ túmọ̀ sí fún gbogbo ọmọ Yorùbá nìyẹn. Ohun tí Faransé ń béèrè ni orúkọ ìdílé tó ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ, nítorí pé lójú òfin wọn, ìgbéyàwó kì í pa orúkọ yẹn rẹ́, òun ni ìjọba sì fi ń mọ obìnrin títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìwé ìrìnnà Bìrìtéènì lè má ní ju orúkọ ọkọ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń béèrè ìwé ìbí àti ìwé ìgbéyàwó pa pọ̀. Orúkọ ilé bàbá ni kí a kọ síbẹ̀, kò sì sí ìyá kankan tí kò ní yé.

Nígbà tí fáìlì bá ti wọlé, ajẹ́lẹ̀ yóò fúnni ní récépissé. Rìsíìtì kọ́ o. Rìsíìtì ń sọ pé a ti sanwó; ìwé yìí ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó mú un lọ́wọ́ máa gbé ìlú ní àlàáfíà títí káàdì rẹ̀ yóò fi jáde. Ìwé adelé ni mo sọ ọ́. Adelé ọba ń jókòó de ọba tuntun, adelé gómìnà ń ṣe iṣẹ́ gómìnà; ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ adelé ti mọ̀ pé àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé àṣẹ náà ní ọjọ́ tí yóò parí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ gígùn mìíràn ni ìwé náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n adelé náà ni.

Níbi ríra ilé ni ìtumọ̀ tí kò péye ti ń náni lówó jù. Wọ́n máa ń pe notaire ní lọ́yà. Lọ́yà mi, èmi ló ń gbèjà. Notaire kò gbèjà ẹnikẹ́ni: mínísítà ètò ìdájọ́ ló yàn án, òǹtẹ̀ ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń gba owó orí fún ìjọba lórí ilé tí a tà, ẹyọ kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́ fún olùtà àti olùrà lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé olóǹtẹ̀ ni orúkọ tó yẹ ẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní frais de notaire, tó máa ń tó ìdá méje tàbí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó ti pẹ́, owó orí ìjọba ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Owó ìyípadà onílé ni kó máa jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé akọ̀wé ló ń jẹ gbogbo rẹ̀. Compromis de vente tún wà ńbẹ̀, tó dà bíi pé àwọn méjèèjì ṣì ń dúnàá dúrà. Ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Olùrà ní ọjọ́ mẹ́wàá láti yí ọkàn padà. Olùtà kò ní ọjọ́ kan. Àdéhùn adènìyàn ni mo kọ, kí ọwọ́ èèyàn máa wárìrì díẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.

Ní ti ogún, Yorùbá kò tòṣì rárá. Ẹni tó bá ní ọmọ kan ní Faransé, ìdajì ohun ìní rẹ̀ ti di ti ọmọ náà kó tó kọ ìwé ìhágún. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya ará Bìrìtéènì lẹ́nu, nítorí pé ní England èèyàn lè fi gbogbo ilé sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Bí a ti ní àìgbọdọ̀máṣe, mo ṣẹ̀dá ìpín àìgbọdọ̀máfọ́mọ. Èyí tó ṣẹ́kù ni ìpín ìfẹ́-inú. Kò sì sí ìdí-igi nínú pípín ìpín àwọn ọmọ, orí-ò-jorí ni, ọmọ ìyá èyíkéyìí ì báà jẹ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2015 ni òfin Yúróòpù ti gba àtìpó láyè láti yan òfin ìlú rẹ̀ fún ogún rẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ṣe òfin mìíràn lọ́dún 2021 tó lè dá ìpín ọmọ padà láti inú ohun ìní tó wà nílẹ̀ Faransé. Ní ti opó tó ń gbé inú ilé tí ọmọ ti jogún, usufruit ni ẹ̀tọ́ ìlò, nue-propriété ni ẹ̀tọ́ ìní. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wa kọ “ìní ìhòhò” torí pé bẹ́ẹ̀ ni Faransé wí i.

Ìlera: ọ̀fẹ́ ni ará Bìrìtéènì mọ̀, òun ni kò sì yẹ ká pe ti Faransé. Owó tí dókítà gbogboogbò sábà máa ń gbà jẹ́ 30 yúrò. Aláìsàn yóò san án, yóò na káàdì ìlera rẹ̀, Vitale, ìjọba yóò sì dá 19 padà bó bá jẹ́ dókítà tó ti yàn ló lọ bá: ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, láìka yúrò méjì tí wọ́n máa ń yọ. Owó àdápadà ni ká pè é. Mutuelle ló sábà máa ń san 9 nínú 11 tó kù; yúrò méjì tí wọ́n yọ wà lọ́rùn aláìsàn. Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣùgbọ́n alájẹṣẹ́kù ń yáni lówó, ó sì ń pín èrè lópin ọdún. Ìbánigbófò aláfikún ló sún mọ́ ọn jù.

Owó orí kò le. Kí a ṣáà má pe taxe foncière ní owó ilé, nítorí pé ohun tí ayálégbé ń san nìyẹn; owó orí ilé ni, ẹni tó bá jẹ́ onílé ní ọjọ́ kìíní ọdún ló sì jẹ gbèsè rẹ̀. Ti ọkọ̀, àwọn tó wà nílẹ̀ ti tó: ìwé ọkọ̀, àyẹ̀wò ọkọ̀, láísẹ́ǹsì.

Ohun kan wà tí mi ò ní túmọ̀. Àwọn ará Bìrìtéènì tó ti ń gbé Faransé kó tó di ọdún 2021 ní káàdì tiwọn, ti ọdún márùn-ún tàbí ti mẹ́wàá, wọ́n sì tẹ Article 50 TUE sára rẹ̀. Kí ó wà bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìwé Yorùbá tí a bá kọ, ní lẹ́tà Faransé gan-an, nítorí pé ojú ni òṣìṣẹ́ ibodè fi ń wá a. Ẹni tó ní káàdì yìí, wọn kò gbọdọ̀ ka ọjọ́ 90 sí i lọ́rùn ní Faransé. Kí ó ṣáà rántí na káàdì náà sí wọn pẹ̀lú ìwé ìrìnnà rẹ̀, kí wọ́n tó béèrè.