Ààbò nínú ìfò párásúùtù

Ààbò nínú ìfò párásúùtù ni ètò, ìtọ́jú ohun èlò àti òfin tí ó wà láti rí i pé ẹni tí ó bá fò jáde láti inú ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ ní àlàáfíà. Eré ìdárayá ni ìfò yìí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí. Fún àwọn ọmọ ogun, iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó bá fò láti nǹkan bí 4,000 mítà yóò máa já bọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, eré rẹ̀ a sì tó 190 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí ó bá dé 750 mítà tí párásúùtù rẹ̀ kò tíì ṣí, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 14 péré ni ó kù kí ó kan ilẹ̀. Nítorí pé àkókò kéré tó báyìí, orí ilẹ̀ ni a ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ààbò, kí bàálù tó gbéra.

Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ akọ̀pẹ. Ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú mìíràn ní ìhà àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì, igbà ni akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ, òun ni ó sì gbé e ró nígbà tí ó bá wà lókè. Akọ̀pẹ tí ó mọṣẹ́ a máa fa igbà rẹ̀ wò, a sì máa yẹ ibi tí ó ti so ó wò, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé akọ̀pẹ kò gbé igbà kejì dání. Ẹni tí ń fò láti inú bàálù ní párásúùtù méjì.

Ìtàn

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1797, André-Jacques Garnerin, ará Fáransé, já ara rẹ̀ kúrò lára bàlúùnù lókè ìlú Párísì, ó sì fi párásúùtù aláṣọ balẹ̀. Kò sí ihò kankan ní orí párásúùtù náà tí atẹ́gùn lè gbà jáde, nítorí náà ó ń fì sọ́tùn-ún sósì títí ó fi kan ilẹ̀. Ihò tí a dá sí orí párásúùtù lẹ́yìn náà ni ó wo àìsàn yìí sàn.

Ìtàn Franz Reichelt, aránṣọ kan ní Párísì, ni a sábà máa ń sọ tí ọ̀rọ̀ bá di ti àṣẹ àti ìdánwò. Ó rán aṣọ kan tí ó gbà pé yóò di párásúùtù lára ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́, ó sì gba àyè lọ́wọ́ ọlọ́pàá láti dán an wò láti orí Ilé-Ìṣọ́ Eiffel ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1912. Ère ènìyàn ni àwọn aláṣẹ rò pé yóò jù sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wọ aṣọ náà tí ó sì fò. Aṣọ náà kò ṣí, ó sì kú níwájú àwọn tí ń ya fíìmù. Fíìmù náà wà títí di òní.

Títí di ọdún 1919, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá ń já bọ̀ láti òkè yóò dákú, kò sì ní lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí nǹkankan. Leslie Irvin, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún náà, ó fò jáde láti inú bàálù ní Ohio, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn tí ó ṣí párásúùtù tí ó gbé sẹ́yìn. Ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ nígbà tí ó balẹ̀, ṣùgbọ́n a ti rí ọ̀nà. Ní àwọn ọdún 1960, Domina Jalbert ṣe párásúùtù onígun mẹ́rin tí atẹ́gùn ń kún inú rẹ̀, tí ó sì ń fò bí ìyẹ́ apá ẹyẹ. Irú rẹ̀ ni àwọn afò-párásúùtù ń lò jù lọ lónìí, nítorí pé ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lè darí rẹ̀ síbi tí ó wù ú.

Ohun èlò

Àpò kan tí a ń gbé sẹ́yìn ni ó kó párásúùtù méjèèjì pọ̀: ti àkọ́kọ́, tí a ń lò ní ìfò gbogbo, àti ti ìpamọ́, tí a kì í ṣí àfi tí ti àkọ́kọ́ bá kùnà. Ẹni tí ń fò yóò fa párásúùtù kékeré kan jáde, yóò sì jù ú sínú atẹ́gùn. Èyí ni yóò fa irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti àpò yọ, tí yóò sì fa párásúùtù ńlá jáde. Aṣọ kékeré onígun mẹ́rin kan wà lára àwọn okùn, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí párásúùtù má baà ṣí wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá ṣí bẹ́ẹ̀, aṣọ lè ya, ẹni náà sì lè fara pa.

Nígbà tí párásúùtù àkọ́kọ́ bá lọ́ pọ̀ tàbí tí kò ṣí dáadáa, a gbọ́dọ̀ já a dànù kí ti ìpamọ́ má baà lọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ ìfà kan wà ní àyà fún jíjá èyí àkọ́kọ́, òmíràn sì wà fún ṣíṣí ti ìpamọ́. Ohun tí ó mú kí jíjá náà rọrùn ni òrùka irin mẹ́ta tí Bill Booth, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní àwọn ọdún 1970. Òrùka ńlá, ti àárín àti kékeré ni, ọ̀kan gba inú èkejì kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń dín agbára ìfà kù, tó bẹ́ẹ̀ tí okùn tín-ín-rín kan fi lè di ìwúwo ènìyàn odindi mú, tí ọwọ́ kan péré sì lè tú u. Kí òrùka yìí tó dé, irin tí ó ṣòro í ṣí nínú ìpayà ni wọ́n ń lò.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà nínú àpò tí ń ṣí párásúùtù ìpamọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tí ó lókìkí jù ni Cypres, tí Helmut Cloth ṣe ní Jámánì tí ó sì dé ọjà ní ọdún 1991. Ó ń fi ìwọ̀n ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ga sí àti bí ó ṣe ń yára sọ̀ kalẹ̀ sí. Èyí tí a ṣe fún àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n fò yóò gé okùn tí ó ti àpò ìpamọ́ bí ẹni náà bá dé nǹkan bí 225 mítà tí ó sì ṣì ń já bọ̀ ní eré tí ó ju 35 mítà lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ yìí ti gba ọ̀pọ̀ ẹni tí ó dákú lókè tàbí tí ó gbàgbé gíga là. Síbẹ̀ kò lè ran ẹni tí párásúùtù rẹ̀ ti ṣí díẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé eré irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má tó èyí tí yóò ta á jí, bí ó tilẹ̀ pọ̀ tó láti pa ènìyàn.

Ìtọ́jú

Náílọ́ọ̀nù ni a fi ń ṣe aṣọ párásúùtù, oòrùn sì ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí a bá ń sá a sí oòrùn lójoojúmọ́, agbára okùn inú rẹ̀ yóò máa dín kù láìsí àmì tí ojú lásán lè rí. Áásìdì bátìrì ọkọ̀ burú ju oòrùn lọ: ẹ̀kán kan péré lè jẹ aṣọ náà, nítorí náà a kì í kó párásúùtù sínú búùtù mọ́tò tí bátìrì tàbí epo wà. Omi iyọ̀ òkun gbọ́dọ̀ di fífi omi tútù ṣan kúrò kíá. Ọ̀rinrin a máa mú kí aṣọ bu, a sì máa mú kí irin dípẹtà. Iyanrìn a máa jẹ okùn díẹ̀díẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rinrin ìgbà òjò àti erùpẹ̀ ìgbà ọyẹ́ ni ẹni tí ó bá ní irú ohun èlò yìí yóò máa ṣọ́, kí ó sì fi í síbi tí ó gbẹ, tí ó tutù, tí eku kò sì lè dé.

Ẹni tí ó bá fò lè ká párásúùtù àkọ́kọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò ya okùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, yóò sì wo okùn kékeré tí ó ti àpò bóyá ó ti ń tú. Okùn kékeré yìí kò wọ́n, ṣùgbọ́n tí ó bá já ṣáájú àkókò, párásúùtù lè ṣí lẹ́nu ilẹ̀kùn bàálù, kí ó sì kọ́ ìrù bàálù fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ewu náà yóò kàn.

Ti ìpamọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin FAA, àjọ tí ń bójú tó ìrìnnà òfuurufú ní Amẹ́ríkà, oníṣẹ́ párásúùtù tí ó ní ìwé-àṣẹ nìkan ni ó lè ká a, ó sì gbọ́dọ̀ tú u, yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tún un ká láàárín ọjọ́ 180, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Ọjọ́ 120 ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí i padà ní ọdún 2008. Bí ó bá jẹ́ aṣọ sílíìkì tàbí irú aṣọ àdánidá mìíràn ni a fi ṣe é, ọjọ́ 60 ni. Nígbà tí oníṣẹ́ náà bá parí, yóò fi òwú àti òjé di ẹnu rẹ̀ ní èdìdì, yóò sì kọ ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sínú káàdì tí ń bá àpò náà rìn. Ẹni tí ó bá rí àpò tí èdìdì rẹ̀ ti já kò gbọdọ̀ gbé e fò. Kì í ṣe àṣejù: párásúùtù tí ó ti wà ní kíká fún ìgbà pípẹ́ lè ti fa ọ̀rinrin, okùn tí ó ti àpò rẹ̀ sì lè ti fà gùn.

A kì í fi àpò párásúùtù sílẹ̀ láìní olùṣọ́. Ní ọdún 2015, ní Netheravon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ ìfò kan já bọ́ láti nǹkan bí 1,200 mítà nígbà tí párásúùtù rẹ̀ méjèèjì kùnà. Ó yè, bí ó tilẹ̀ fara pa gidigidi. Àwọn oníwàádìí rí i pé okùn ti àkọ́kọ́ ti lọ́ pọ̀, àti pé a ti yọ méjì nínú ohun tí ó so okùn ti ìpamọ́ mọ́ àpò. Ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ ọmọ ogun, ni ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ní ọdún 2018, ó sì gba ẹ̀wọ̀n gbére.

Òfin

Ìpìlẹ̀ òfin lágbàáyé wà nínú Àfikún Kejì ti Àdéhùn Chicago lórí ìrìnnà òfuurufú. Ó sọ pé, yàtọ̀ sí ti pàjáwìrì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi párásúùtù sọ̀ kalẹ̀ àfi ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí aláṣẹ ìlú náà là sílẹ̀, àti pẹ̀lú ìmọ̀ràn tàbí àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń darí ọkọ̀ lójú òfuurufú. Ìdí rẹ̀ hàn kedere: awakọ̀ bàálù tí ń kọjá kò lè tètè rí ènìyàn tí ń já bọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fò wọ inú kùrukùru tàbí láti la inú rẹ̀ kọjá, kò sì gba ẹni tí ọtí ń pa láyè láti fò. Ẹgbẹ́ USPA, tí ó jẹ́ ti àwọn afò-párásúùtù níbẹ̀, fi tirẹ̀ kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tí ó ní ìwé-àṣẹ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣí párásúùtù, ó pẹ́ tán, ní nǹkan bí 900 mítà. Ìfò ẹlẹ́ni-méjì, níbi tí a ti so àlejò mọ́ àyà olùkọ́, ní nǹkan bí 1,500 mítà. Àwọn tí ó ti pẹ́ nínú rẹ̀, ní nǹkan bí 760 mítà. Ẹni tí yóò bá fò láti ibi tí ó ju nǹkan bí 4,570 mítà lọ gbọ́dọ̀ mí ọ́síjìn láti inú àgbá. Ọdún 18 ni ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà. Ní Britain, ẹni ọdún 16 lè fò bí òbí bá fọwọ́ sí i. Ìfò ẹlẹ́ni-méjì láti kó owó àánú jọ wọ́pọ̀ ní Britain, àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ náà sì lè bá a pàdé lọ́nà yìí.

Ewu kò bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn bàálù. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1992, bàálù kan já lulẹ̀ kété tí ó gbéra ní Perris Valley ní California, nítorí epo tí nǹkan mìíràn ti dà pọ̀ mọ́. Ènìyàn 16 ni ó kú. Láti ìgbà náà ni àwọn afò-párásúùtù ti túbọ̀ ń fi ọwọ́ pàtàkì mú dídi bẹ́líìtì nígbà tí bàálù bá ń gbéra.

Ohun tí ń pani

USPA ka ikú 10 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, nínú nǹkan bí ìfò mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, iye tí ń kú lọ́dọọdún níbẹ̀ ju 40 lọ. Ohun èlò tí ó sàn jù ni ó fa púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ yìí, ó sì ti gbé ewu lọ síbòmíràn. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kú ni párásúùtù wọn ṣí dáadáa. Wọ́n ra èyí tí ó kéré tí ó sì yára, wọ́n sì yí i gbirigbiri nígbà tí wọ́n ti súnmọ́ ilẹ̀, bóyá láti yẹra fún igi tàbí láti fi ẹwà balẹ̀. Párásúùtù tí a bá yí bẹ́ẹ̀ a máa ki orí bọlẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ kankan tí ó lè gba ẹni náà sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn olùkọ́ fi ń ka ìwúwo akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ìtóbi párásúùtù rẹ̀, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fò nígbà tí atẹ́gùn bá ju nǹkan bí 22 kìlómítà lọ ní wákàtí kan.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ ológun ni a mọ ìfò párásúùtù mọ́ jù lọ. Bàtálíọ́nù 72 ní Makurdi ni ó lókìkí jù nínú rẹ̀. Ìrìnnà òfuurufú ti àwọn aráàlú wà lábẹ́ NCAA, tí agbára rẹ̀ wà nínú Òfin Ìrìnnà Òfuurufú ti ọdún 2022, orílẹ̀-èdè náà sì wà nínú Àdéhùn Chicago.

Èyí tí ó súnmọ́ ìfò yìí jù tí aráàlú lè rí lágbègbè náà ni àjọ̀dún Kwahu ní Ghana, tí ó ń wáyé nígbà Àjíǹde láti ọdún 2005 lórí òkè Odweanoma nítòsí Atibie. Kò sí bàálù níbẹ̀. Awakọ̀ párásúùtù yóò tẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ ní etí òkè, yóò jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e dìde, òun àti àlejò rẹ̀ yóò sì sáré títí ilẹ̀ yóò fi tán lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Párásúùtù ìpamọ́ wà nínú ohun èlò irú ìfò yìí pẹ̀lú. Bí atẹ́gùn bá lágbára jù tàbí tí ó bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn òkè, kí á dúró títí yóò fi rọ̀ ni ìlànà, bí èrò tilẹ̀ ti tò sórí ìlà.