Wíwọn Ìnira Ara Yíyún Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Ara yíyún tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè ní ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àrùn awọ lè fà á. Ó sì lè jẹ́ kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ló ń ṣàìsàn. Ẹnu aláìsàn fúnra rẹ̀ ni dókítà ti ń gbọ́ bó ṣe ń dà á láàmú tó.

Ìwé ìbéèrè ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Dermatology Life Quality Index, tí Andrew Finlay àti Gul Khan gbé jáde ní Cardiff, ní Wales, lọ́dún 1994. Ìbéèrè 10 ló wà níbẹ̀, lórí ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá: ṣé awọ ń yún aláìsàn, ṣé ó dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ ilé, ṣé ó ń pinnu aṣọ tó máa wọ̀? Máàkì kò lè ju 30 lọ. Ẹni tó bá gbà ju 10 lọ, ìnira rẹ̀ pọ̀ gan-an. Bí ìtọ́jú bá fi 4, ó kéré tán, dín máàkì náà kù, ara ti ń tù ú nìyẹn.

Àléébù ńlá kan tí ìwé ìbéèrè yìí ní ni pé kò béèrè nípa oorun, bẹ́ẹ̀ òru gan-an ni yíyún ń le jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn. ItchyQoL, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2008, bójú tó ìyẹn: ìbéèrè rẹ̀ 22 dé orí oorun, ẹ̀jẹ̀ tí híhọra ń fà, ìtìjú àti ìbínú.