Bí Ìbéèrè Kan Ṣe Di Méjì: Ìtàn Àyẹ̀wò Orúkọ Dòméènì

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ìbéèrè tí ẹni tí ó ń wá orúkọ dòméènì kọ́kọ́ máa ń bi: ǹjẹ́ ẹnìkan ti gba orúkọ yìí? Orúkọ dòméènì ni a fi ń dá ibùdó kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń bi kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè nípasẹ̀ ètò tí a ń pè ní API. Ènìyàn lè rò pé ìyára nìkan ni ó fi yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Èrò tiwa ni pé ìbéèrè náà gan-an ti yí padà, owó ni ó sì yí i padà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ènìyàn ni a ń bi. Elizabeth Feinler àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Menlo Park, ní ìpínlẹ̀ California, ni ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà orí ARPANET. WHOIS, tí a fi ń yẹ àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì wọn wò láti ọ̀nà jíjìn, jáde ní 1982. Ní 1983, Paul Mockapetris gbé ètò orúkọ dòméènì kalẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, 1985, symbolics.com di orúkọ àkọ́kọ́ tí a fi sílẹ̀ lábẹ́ .com. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ nígbà náà. Nítorí náà, “ó wà nílẹ̀” tàbí “wọ́n ti gbà á” tó fún èsì.

Ní oṣù Kẹsàn-án, 1995, Network Solutions bẹ̀rẹ̀ sí gba 100 dọ́là fún ọdún méjì. Síbẹ̀, iye kan náà ni fún gbogbo orúkọ. A dá ICANN sílẹ̀ ní 1998. Ní 1999, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí ta orúkọ, olúkúlùkù pẹ̀lú iye tirẹ̀. EPP, ìlànà tí àwọn òǹtàjà fi ń bá ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ sọ̀rọ̀, jáde ní 2004. Àṣẹ kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń béèrè bóyá orúkọ ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba owó. Nígbà tí àwọn ìparí orúkọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti 2013, tí àwọn orúkọ kan sì wọ́n ju ẹgbẹ́ wọn lọ, àìní yìí hàn gbangba. Àfikún tí ó mú iye owó wọ inú èsì, RFC 8748, kò jáde títí di 2020. Ọdún 16 ni ó wà láàrin ìbéèrè kìíní àti ìkejì.

Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó béèrè iye ọjà ti fi ohun tí ó wù ú han ọlọ́jà. Ní oṣù kìíní, 2008, ó di mímọ̀ pé Network Solutions ń fi orúkọ tí àwọn ènìyàn bá yẹ̀ wò lọ́dọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, tí wọn kò fi lè rà á níbòmíràn. Ilé-iṣẹ́ náà ní ààbò oníbàárà ni òun ń ṣe.

Ní ìkádìí, kò yẹ kí òpìtàn ka “ó wà nílẹ̀” ti 1985 sí ọ̀kan náà pẹ̀lú ti òde òní. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ èsì akọ̀wé tí kò ní èrè kankan níbẹ̀. Ti òde òní jẹ́ èsì òǹtàjà: ó wà ní ìṣẹ́jú yìí, ní iye yìí, bí ẹlòmíràn kò bá ṣáájú rẹ sanwó.