Òjé Nínú Ẹ̀jẹ̀: Àlejò Tí Ó Gba Ìjókòó Onílé

Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í ṣe omi pupa lásán. Irin wà nínú rẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, síńkì àti magnẹ́síọ́ọ̀mù pẹ̀lú. Olúkúlùkù ni ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 1882, Giulio Bizzozero, oníṣègùn ará Ítálì, ṣàlàyé àwọn horo tíntìntín kan nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí a ń pè ní platelet lónìí. Ó rí i pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti dá. Wọ́n kó kálísíọ́ọ̀mù pamọ́ sínú, bí ọdẹ ti ń kó ẹ̀tù sínú àdó. Bí egbò bá ṣẹlẹ̀, wọn a tú u síta.

Ní 1890, Arthus àti Pagès ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé bí a bá mú kálísíọ́ọ̀mù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò ní dì mọ́. Ìmọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí Albert Hustin ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́ọ̀mù lè lo iyọ̀ citrate ní 1914 láti de kálísíọ́ọ̀mù mọ́lẹ̀, tí a fi lè gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnìkan fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ó dì lọ́nà.

Bí kálísíọ́ọ̀mù ti jẹ́ onílé, bẹ́ẹ̀ ni òjé jẹ́ àlejò tí ó mọ ìrìn onílé í sín jẹ. Ara kò tètè dá a mọ̀. Ẹnu ọ̀nà kálísíọ́ọ̀mù ni yóò gbà wọlé; yóò dí irin lọ́wọ́ níbi tí ó ti ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa; yóò sì fi egungun ṣe ibùgbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bà jẹ́ jù lọ.

Ta ni ó wá pe àlejò yìí wọ ìlú? Ní 1921, Thomas Midgley, òṣìṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà, rí i pé òjé inú epo pẹntiróòlù kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kanlẹ̀. Ní 1924, òṣìṣẹ́ 5 kú ní New Jersey níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Síbẹ̀ títà rẹ̀ kò dópin. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, tí ó gba Mágbọ̀rọ̀, Ìbàfọ̀ àti Mówè kọjá, epo olójé ni àwọn ọkọ̀ ń sun. Èéfín irú epo bẹ́ẹ̀ a máa fọ́n òjé sára ewé àti sórí erùpẹ̀ ẹ̀bá títì, níbi tí ọmọdé ti ń ṣeré.

Ní 2001, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fẹnu kò ní Dakar láti fi epo náà sílẹ̀. Nígbà tí 2006 fi bẹ̀rẹ̀, ìhà gúúsù Sàhárà ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Àlùjíríà ni ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní 2021.

Ṣùgbọ́n òjé kì í jẹrà bí ewé. Ní 2010, ní Zamfara, àwọn ará abúlé fọ́ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ sí àgbàlá. Ọmọdé tí ó kú ju 400 lọ. Ní Ògijo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà tí Mágbọ̀rọ̀ wà, àyẹ̀wò tí àwọn oníròyìn ṣètò rẹ̀ ní 2025 bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ìtàn yìí kọ́ni. Èkíní, ọmọ tí irin àti kálísíọ́ọ̀mù kò tó lára rẹ̀ ni òjé tètè ń wọ̀ lára. Nítorí náà ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, wàrà àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ teegunteegun jẹ́ ààbò díẹ̀. Èkejì ni ó wúwo jù: oúnjẹ kò lè borí èéfín iná bátìrì. Òfin ni ó lé òjé kúrò nínú epo, kì í ṣe oògùn. Òfin náà ni yóò lé e kúrò ní àdúgbò.