Ṣíṣe géèmù onítàn atọ́ka-tẹ̀ fún ìgbádùn

Géèmù atọ́ka-tẹ̀, tí wọ́n mọ̀ sí point-and-click káàkiri ayé, ni géèmù onítàn orí kọ̀ǹpútà tí ẹni tó ń gbá a máa ń fi máòsì tọ́ka sí nǹkan inú àwòrán, kó tó wá tẹ̀ ẹ́ láti wò ó, mú un, ṣí i tàbí bá a sọ̀rọ̀. Kò gba eré sísá, kò gba ìbọn yínyìn. Ìrònú ni wọ́n fi ń jáwé olúborí nínú rẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ géèmù ti ń ṣe irú rẹ̀ nínú ilé wọn, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ tàbí lẹ́yìn ẹ̀kọ́, láì retí owó. Àyọkà yìí dá lórí wọn, lórí ohun èlò wọn, àti lórí ohun tó máa ń bá ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní èdè Yorùbá, pàápàá ní Ṣàgámù àti ilẹ̀ Rẹ́mọ.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ọ̀rọ̀ lásán ni irú géèmù yìí fi bẹ̀rẹ̀. Will Crowther, ará Amẹ́ríkà kan tó fẹ́ràn àti máa wọ inú ihò ilẹ̀ kiri, kọ Colossal Cave Adventure láàárín 1975 sí 1976. Don Woods fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1977. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Èèyàn á tẹ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 1980, Roberta Williams àti ọkọ rẹ̀, Ken, fi àwòrán kún irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú Mystery House. Ilé-iṣẹ́ wọn ló padà ń jẹ́ Sierra, tó gbé King's Quest jáde ní 1984.

Ẹnu àwọn tó mọ ìtàn géèmù kò tíì kò lórí èyí tó kọ́kọ́ fi títọ́ka rọ́pò ọ̀rọ̀ títẹ̀. Àwọn kan gbà pé Planet Mephius, tó jáde ní Jàpáànù ní 1983, ni. Àwọn mìíràn ń dárúkọ Enchanted Scepters ti 1984 tàbí Déjà Vu ti 1985, tí méjèèjì jáde lórí kọ̀ǹpútà Macintosh. Ohun tí ẹnikẹ́ni ń pè ní títọ́ka ló máa ń pinnu èsì, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ṣì gba ọ̀rọ̀ títẹ̀ mọ́ títọ́ka. Èyí tí kò fa àríyànjiyàn púpọ̀ ni pé Maniac Mansion, tí Ron Gilbert àti Gary Winnick ṣe ní Lucasfilm Games ní 1987, ló mú ọ̀nà náà gbajúmọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe 15 ni wọ́n tò sábẹ́ àwòrán nínú rẹ̀, bíi ṣí, tì, fún àti gbé. Nígbà tí Monkey Island 2 ti ilé-iṣẹ́ náà fi máa dé ní 1991, wọ́n ti dín wọn kù sí 9. Myst, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Rand àti Robyn Miller, ṣe ní 1993, kò tilẹ̀ lo ọ̀rọ̀-ìṣe kankan: tẹ̀ ẹ́ náà ló kù.

Ọjà irú géèmù yìí dẹnu kọlẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990. Escape from Monkey Island ti ọdún 2000 ni géèmù onítàn tuntun tí LucasArts, orúkọ tí Lucasfilm Games padà ń jẹ́, ṣe kẹ́yìn. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni àwọn tó fi irú géèmù bẹ́ẹ̀ dàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn.

Ohun èlò

Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbádùn kì í sábà kọ ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń mú géèmù ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n lò jù láàárín ẹgbẹ́ wọn ni Adventure Game Studio, tí gbogbo wọn ń pè ní AGS. Chris Jones, ará Bìrìtìkó, ló gbé e jáde ní 1997, nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí DOS. Ọ̀fẹ́ ni. Ní 2010 àti 2011 ni ó sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àwọn olùyọ̀ǹda ló sì ń tún un ṣe láti ìgbà náà. Ẹ̀dà 3.6, tó jáde ní 2023, lè gbé géèmù tó ti parí sórí fóònù Android àti sínú ẹ̀rọ aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì.

Àwọn tí wọ́n fi AGS ṣe géèmù ọ̀fẹ́ ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká. Ben Croshaw ṣe 5 Days a Stranger ní 2003, ó sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Dave Gilbert, ní New York, ṣe géèmù ọ̀fẹ́ títí ó fi dá Wadjet Eye Games sílẹ̀ ní 2006 láti máa tà wọ́n. Joshua Nuernberger ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà tó ń ṣe Gemini Rue, tí Wadjet Eye tà ní 2011.

Àwọn ohun èlò mìíràn náà wà. Visionaire Studio wá láti Jámánì. Òun ni Chris Bischoff ní Gúúsù Áfíríkà fi ṣe Stasis, tó bẹ̀rẹ̀ bí iṣẹ́ ìgbà ọwọ́dilẹ̀ kó tó jáde ní 2015. Ren'Py dára fún ìtàn tó jẹ́ pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Twine wà fún ẹni tí kò lè ya àwòrán rárá. Godot, ẹ́ńjìnnì ọ̀fẹ́ tó ti Ajẹntínà wá, wúlò fún onírúurú géèmù, ó sì ní àfikún kan tó ń jẹ́ Popochiu fún géèmù atọ́ka-tẹ̀.

Ohun tó mú kí irú géèmù yìí rọrùn fún ẹni tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ ni pé kò béèrè kọ̀ǹpútà alágbára. Àwòrán tó fẹ̀ ní 320, tó ga ní 200, ní àmì àwọ̀ 64,000 péré. Nínú àwọ̀ 256, báìtì 64,000 náà ni ìwọ̀n rẹ̀ kí wọ́n tó fún un pọ̀. Ogójì irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta, dátà kékeré ni yóò sì gbé e dé ọwọ́ ọ̀rẹ́. Láptọ́ọ̀pù àlòkù lè ṣe é, lè gbá a. Bí NEPA bá mú iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù lè gbé iṣẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé kì í mú ẹ̀rọ gbóná.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Yàrá ni wọ́n ń pe ibi kọ̀ọ̀kan nínú géèmù, ì báà jẹ́ ọjà tàbí etí odò. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní àwòrán ẹ̀yìn kan. Lórí àwòrán náà ni ẹni tó ń ṣe é á ti fa ìlà yí ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ ká, yóò sàmì sí ohun tí èèyàn lè kọjá lẹ́yìn rẹ̀, irú bí òpó tàbí tábìlì, yóò sì sàmì sí gbogbo ohun tó ṣeé tọ́ka sí. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọ èsì tí títẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò mú wá.

Ká mú àpẹẹrẹ kan láti ọjà obì Sábó ní Ṣàgámù, níbi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá àti Haúsá ti jọ ń ṣòwò. Akọni ìtàn wa fẹ́ kí bàbá kan dá obì fún òun. Apẹ̀rẹ̀ gbànja wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ẹni tó ń gbá géèmù bá mú ọ̀kan, tó fi fún bàbá pé, "Ẹ gbà á, bàbá," bàbá á dáhùn pé, "Ọmọ mi, èyí kọ́." Bó bá wá lo "wò" lórí gbànja náà, akọni á sọ pé ojú méjì péré ló ní. Níbí ni yóò ti yé e pé àbàtà olójú mẹ́rin ni òun ń wá, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń dá obì. Ìyá kan ní igun ọjà ní àbàtà, àmọ́ kò ní í tà á títí ẹnìkan yóò fi bá a wá ewé tí yóò fi bo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ewé wà ni yàrá tó kàn.

Ohun tó dára nínú irú àdììtú bẹ́ẹ̀ ni pé ìmọ̀ tí ìtàn fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ ló tú u. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni kí géèmù jẹ́ kí akọni jẹ àbàtà kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀, kí ọ̀nà sì dí láì jẹ́ pé ẹni tó ń gbá a mọ̀. Ron Gilbert bu ẹnu àtẹ́ lu irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ nínú àròkọ kan tó kọ ní 1989. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù fún ìgbádùn sì ń tẹ̀lé ìmọ̀ràn rẹ̀ títí di òní.

Kíkọ èsì ni ìpín tó gùn jù. Bí ohun mẹ́wàá bá wà nínú àpò akọni, tí ohun ogún sì ṣeé tọ́ka sí lójú àwòrán, ọ̀nà 200 ni èèyàn lè gbà fi ọ̀kan kan èkejì. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí akọni rẹ̀ máa wí gbólóhùn kan náà láti òwúrọ̀ dalẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yíya ìrìn akọni náà kò kéré: àwòrán mẹ́jọ fún ìhà kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin jẹ́ 32. Bí a bá yí ti apá ọ̀tún sódì fún ti apá òsì, ó di 24. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pa iṣẹ́ tì. Ìdíje kékeré ni wọ́n fi ń gba ara wọn níyànjú. Láàárín àwọn olùlo AGS, ọ̀kan wà tó ń wáyé lóṣooṣù tí wọ́n ń pè ní MAGS, èyí tó gba géèmù kúkúrú lórí kókó kan.

Lẹ́tà Yorùbá nínú géèmù

Ẹni tó bá fẹ́ kí akọni rẹ̀ sọ Yorùbá tó péye ní iṣẹ́ kan tí àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wọn mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Àmọ́ ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀ àti m̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ wá, àmì ohùn á sì tẹ̀lé e bí ohun ọ̀tọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá mọ bí a ṣe ń to àmì lé orí lẹ́tà á fi àmì náà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń jáde ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lójú àwòrán, ọ ló máa kọ́kọ́ yọ, kí àmì rẹ̀ tó wá bá a.

AGS ti àtijọ́ kò gbà ju ìwọ̀nba lẹ́tà díẹ̀ lọ. Ẹ̀dà 3.6 ló mú Unicode wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ bá àwòrán àtijọ́ mu ṣì lè fọwọ́ ya tirẹ̀, iye rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí a bá ka gb sí g àti b, lẹ́tà kékeré Yorùbá jẹ́ 24. Fáwẹ̀lì méje pẹ̀lú àmì òkè àti ìsàlẹ̀ fi 14 kún un, m àti n alámì ohùn sì fi 4 kún un: gbogbo rẹ̀ 42, tàbí 84 bí a bá ya lẹ́tà ńlá pẹ̀lú. A lè fi wọ́n rọ́pò àwọn lẹ́tà Yúróòpù tí géèmù náà kò lò. Ẹni tí kò fẹ́ ya nǹkan kan lè mú fóńtì Noto, Gentium tàbí Charis. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, wọ́n sì gba àmì ohùn dáadáa.

Ìṣòro kan ṣì wà fún ẹni tó fẹ́ fi àlọ́ àpamọ̀ sínú géèmù, kí ẹni tó ń gbá a sì tẹ ìdáhùn. Kíbọ́ọ̀dù méjì lè kọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà méjì tí ojú kò lè rí ìyàtọ̀ wọn, kọ̀ǹpútà á sì ní ìdáhùn kò tọ̀nà. Ó sàn kí géèmù to ìdáhùn mẹ́rin sílẹ̀, kí wọ́n yan ọ̀kan.

Ní Nàìjíríà àti ilẹ̀ Rẹ́mọ

Fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi mọ géèmù, pàápàá lẹ́yìn tí GSM dé ní 2001, fún fóònù náà sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù ìbẹ̀rẹ̀ ṣiṣẹ́. Abíọ́lá Ọláníran, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀ ní 2012, fóònù Windows ló sì kọ́kọ́ dojú kọ. Ọdún yẹn náà ni Hugo Obi bẹ̀rẹ̀ Maliyo Games ní Èkó, tó gbé Okada Ride jáde. Géèmù kúkúrú tí èèyàn lè gbá nínú ọkọ̀ ni wọ́n fi ìdí ọjà wọn múlẹ̀. Genii Games ti Adébáyọ̀ Adégbémbọ gba ọ̀nà mìíràn: ó ṣe Yoruba101 láti fi kọ́ ọmọdé ní èdè.

Ní Rẹ́mọ, Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn àti Gateway ICT Polytechnic ní Ṣàapadé ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìtàn tó ṣeé fi ṣe géèmù kò sì wọ́n ní àyíká wọn: ìlú 13 ni ìtàn sọ pé ó parapọ̀ di Ṣàgámù ní 1872, kálukú pẹ̀lú oríkì àti ojúbọ tirẹ̀.

Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé

Àlọ́ ìjàpá kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìwé àwọn òǹkọ̀wé yàtọ̀ síyẹn. Gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀tọ́ Òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ lórí ìwé máa ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí òǹkọ̀wé kú. D. O. Fágúnwà, tí ìtàn àwọn ọdẹ rẹ̀ bá irú géèmù yìí mu gan-an, kú ní December 1963. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ di géèmù ṣáájú òpin 2033 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ẹ̀tọ́ náà, bí géèmù náà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.