Èso Àjàrà àti Ìlera: Ìtàn Ohun Tí Wọ́n Ti Sọ Nípa Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ àǹfààní tó wà nínú jíjẹ èso àjàrà yóò bá ọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi pàdé. Ìwé kan á ní ó ń wo jẹjẹrẹ, òmíràn á ní ó ń mú ẹ̀mí gùn, ẹ̀kẹta á ní ṣúgà inú rẹ̀ kò dára fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó fa ìdàrúdàpọ̀ yìí ni pé nǹkan mẹ́rin ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń pò pọ̀: èso tí à ń jẹ, omi tí wọ́n fún lára rẹ̀, ọtí wáìnì, àti èròjà kan tí wọ́n ń pè ní resveratrol. Mo to ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ síbí, mo sì ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀, torí pé ohun tó jẹ́ òótọ́ nípa ọ̀kan lè jẹ́ irọ́ nípa èkejì.

Ìbẹ̀rẹ̀

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbin àjàrà. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2023 ní ibi méjì ni, ní nǹkan bí 11,000 ọdún sẹ́yìn: agbègbè òkè Káúkásù àti ìwọ̀ oòrùn Éṣíà. Ìyẹn tó fún wa. Ní orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, àpáàdì tí wọ́n hú nílẹ̀ ní Gadachrili Gora fi hàn pé wọ́n ti ń ṣe wáìnì níbẹ̀ ní nǹkan bí 6000 ọdún ṣáájú ìbí Kristi. Ní Íjíbítì, wọ́n bá ìṣà wáìnì nínú ibojì ọba kan ní Abydos, ní nǹkan bí 3150 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, àmì ewé àti oje igi sì wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ọtí àjàrà ti ń bá egbòogi rìn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ̀wé nípa èso náà fúnra rẹ̀.

Gíríìkì àti Róòmù

Àwọn oníṣègùn Gíríìkì ya èso sọ́tọ̀ kúrò lára ọtí. Dioscorides, tó kọ ìwé egbòogi rẹ̀ ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní, ní àjàrà tútù máa ń da inú rú, ó sì máa ń mú ikùn wú, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n so rọ̀ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́ dára fún ikùn àti fún aláìsàn. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù tó kú nígbà tí òkè Vesuvius bú gbàmù ní 79, to oògùn inú àjàrà jọ rẹpẹtẹ, láti orí ewé dé orí kóró. Púpọ̀ nínú ohun tí Pliny kọ jẹ́ àgbọ́sọ, n kò ní í fi ìyẹn dá wa dúró.

Galen, ọmọ ìlú Pergamon, tí wọ́n bí ní 129, ló ṣe àkíyèsí tó wúlò jù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ oko ló wò. Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́ àti èso àjàrà, bóyá pẹ̀lú búrẹ́dì díẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ń fi oko sílẹ̀, ara wọn ti kún dáadáa. Galen tún rí i pé ara tí wọ́n mú bọ̀ náà kì í le, kíá ló sì máa ń joro. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí ju gbogbo ìyìn tí àwọn yòókù kọ lọ, torí pé èèyàn tó ń jẹ èso ló wò, ó sì sọ èyí tó dára àti èyí tó kù díẹ̀ káàtó.

Lẹ́yìn wọn, Ibn Sina àti àwọn oníṣègùn mìíràn tó ń kọ̀wé ní èdè Lárúbáwá mú ìmọ̀ yìí lọ síwájú.

Ìtọ́jú àjàrà ní Yúróòpù

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọlọ́rọ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í rìnrìn àjò lọ jẹ àjàrà. Ìlú tó gbajúmọ̀ jù ni Meran, tó wà lábẹ́ Áústríà nígbà náà, tó ti di ti Ítálì báyìí. Ìyàwó ọba Áústríà, Elisabeth, lọ síbẹ̀ ní 1870, òkìkí ìlú náà sì kàn sí i. Bí ìgbà ìkórè bá dé, aláìsàn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, dókítà á sì máa fi kún un lójoojúmọ́ títí yóò fi tó kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á máa jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń rìn gbẹ̀fẹ́ létí odò.

Ọ̀pọ̀ wọn ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe. Ṣé àjàrà wò ó? Rárá. Ní 1882 ni Robert Koch fi kòkòrò tó ń fa ikọ́ náà han aráyé, oògùn tó ń pa kòkòrò ọ̀hún kò sì dé títí di àwọn ọdún 1940. Ohun tí àwọn aláìsàn Meran rí gbà ni ìsinmi, afẹ́fẹ́ tó mọ́ àti oúnjẹ tó rọrùn láti jẹ fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ korò. Àǹfààní gidi nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwòsàn.

Johanna Brandt àti ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ

Ibí yìí ló yẹ kí a farabalẹ̀ sí, torí pé ẹ̀mí èèyàn wà ńbẹ̀. Johanna Brandt, obìnrin ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé ìwé The Grape Cure jáde ní 1928. Ó ní àjàrà ló wo jẹjẹrẹ inú òun. Ètò rẹ̀ le: aláìsàn á kọ́kọ́ gbààwẹ̀, lẹ́yìn náà á máa jẹ àjàrà nìkan ní wákàtí méjì-méjì láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn ara rẹ̀ ló fi ṣe ìpìlẹ̀. Ẹgbẹ́ American Cancer Society yẹ ọ̀rọ̀ náà wò léraléra, wọn kò rí ẹ̀rí pé ó ń wo jẹjẹrẹ. Òótọ́ ni pé ìwádìí kan tó jáde ní 1997 fi hàn pé resveratrol, èròjà kan inú àjàrà, dín kókó jẹjẹrẹ kù lára èkúté tí wọ́n fi í pa lára. Ṣùgbọ́n èkúté kì í ṣe èèyàn, èròjà tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ kì í sì í ṣe èso. Ẹni tí jẹjẹrẹ ń ṣe, tó wá fi oṣù kan jẹ àjàrà nìkan, oṣù kan ló fún àrùn náà láti gbilẹ̀ sí i.

Omi àjàrà

Ní 1869, ní Vineland ní Amẹ́ríkà, Thomas Welch se omi àjàrà kó má baà di ọtí, torí oúnjẹ alẹ́ Olúwa nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rẹ̀. Ìgbàgbọ́ ló bí i, ìlera ni wọ́n padà fi ń tà á.

Wáìnì pupa àti resveratrol

Ní oṣù kọkànlá 1991, ètò 60 Minutes lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà béèrè ìdí tí àìsàn ọkàn kò fi pa àwọn ará Faransé tó bí ó ṣe yẹ, bí wọ́n ṣe ń jẹ ọ̀rá tó. Serge Renaud, aṣèwádìí ọmọ Faransé, ní wáìnì pupa ni. Wáìnì tà wàràwàrà lẹ́yìn ètò náà. Àwọn aṣèwádìí mìíràn já ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní koro ní 1999: wọ́n ní kò tíì pẹ́ tí àwọn ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rá púpọ̀, àìsàn náà kò sì tíì ráyè hàn. Ọ̀rọ̀ wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú mi ju ti Renaud lọ. Ní 2023, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ kedere pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí kò léwu.

Èròjà inú wáìnì pupa náà, resveratrol, ni àwọn aṣèwádìí wá dìrọ̀ mọ́. Ará Jàpáànì kan, Takaoka, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ lára egbò ewéko kan nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i lára àjàrà ní 1976, wọ́n rí i nínú wáìnì ní 1992. Ní 2006, ó mú ẹ̀mí àwọn èkúté tó ń jẹ ọ̀rá gùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: mìlìgíráàmù 22 lé díẹ̀ ni wọ́n ń fún wọn lóòjọ́ fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wọn kílò 60 yóò nílò ju mìlìgíráàmù 1,300 lọ lóòjọ́. Ife àjàrà pupa kan kì í sábà ní ju mìlìgíráàmù kan àti díẹ̀ lọ. Ta ni yóò jẹ ẹgbẹ̀rún ife lóòjọ́? Síbẹ̀, ní 2008, ilé iṣẹ́ GlaxoSmithKline fi 720 mílíọ̀nù dọ́là ra ilé iṣẹ́ tó ń wá oògùn láti ara rẹ̀. Ní 2014, ìwádìí lórí àwọn àgbàlagbà 783 ní Ítálì kò rí i pé àwọn tí resveratrol pọ̀ lára wọn pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ.

Lóde òní

Lórí èso fúnra rẹ̀, ìwádìí tó lágbára jù ni ti 2013 nínú ìwé ìròyìn BMJ, tí wọ́n ṣe lórí èèyàn 187,382 ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń jẹ èso àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ, kì í sábà ní àtọ̀gbẹ tó àwọn tí kì í jẹ ẹ́. Àwọn tó ń mu omi èso ní tiwọn ń ní in díẹ̀ sí i. Irú ìwádìí yìí kò fi hàn pé àjàrà ló fà á, ṣùgbọ́n ó fi ìyàtọ̀ láàárín èso àti omi rẹ̀ hàn.

Gíráàmù 100 àjàrà ní omi tó nǹkan bí 81, ṣúgà tó 15, àti fítámì C mìlìgíráàmù mẹ́ta péré. Àwọn tó ń sọ pé fítámì C kún inú rẹ̀ ń tan ni. Kí alátọ̀gbẹ fi ìwọ̀n jẹ ẹ́, kí òbí sì là á ní òòró sí mẹ́rin fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, torí ó lè há ọmọ lọ́fun.

Èso tó dáa ni àjàrà, ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú èèpo rẹ̀ bí ẹ bá rí i rà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká a ní Èkó tàbí Ìbàdàn kò pàdánù fítámì C: ọsàn kan ní fítámì C ju odindi abọ́ àjàrà lọ, gúáfà sì tún ju ọsàn lọ.