Ayàwòrán Inú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀dọ́ tó bá gbéra láti Ìsàlẹ̀ Èkó lọ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tí yóò máa fi gbá géèmù yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu àwọn tó ń tà á: prósẹ́sọ̀ àti gíráfíìsì. Bó bá béèrè ìtumọ̀, wọ́n lè ní prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ. Ìtumọ̀ yìí máa ń ṣi ni lọ́nà. Ta ni yóò gbọ́ ọpọlọ tí kò ní kó gbogbo owó rẹ̀ lé e lórí?

Ká ní ẹnìkan fi eré Ẹ̀yọ̀ Èkó ṣe géèmù. Prósẹ́sọ̀ ni yóò pinnu ibi tí Adímú alákẹtẹ̀ dúdú yóò gbà, ìgbà tí Lábà alákẹtẹ̀ pupa yóò yọ, àti ẹni tí ọ̀pámbàtà yóò bà. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, òjìji rẹ̀ lórí títì, oòrùn lára òrùlé, gíráfíìsì ló ń ya gbogbo rẹ̀.

Ayàwòrán ni kí a máa pe gíráfíìsì ní Yorùbá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fi jẹ́ orúkọ, bíi asọ̀rọ̀mágbèsì àti amóhùnmáwòrán. “Káàdì àwòrán” kò lè ṣiṣẹ́ l'Ékòó, níbi tí káàdì ti jẹ́ ìwé ìpè síbi ìnáwó. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọdún 1999 tí ilé-iṣẹ́ Nvidia gbé ayàwòrán GeForce 256 jáde ni GPU, orúkọ tí wọ́n ń pè é, tó tàn kálẹ̀ láàárín wọn. Prósẹ́sọ̀ ní tirẹ̀ ti mọ́ni lẹ́nu. Kó dúró bẹ́ẹ̀.

“Core”, ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ nínú prósẹ́sọ̀ àti ayàwòrán, ló le jù láti túmọ̀. “Ọwọ́” ló bá a mu. Prósẹ́sọ̀ Core i7-13700H ní ọwọ́ 14; ayàwòrán RTX 4060 ti kọ̀ǹpútà alágbèéká ní 3,072. Ọ̀gá télọ̀ ni àwọn ọwọ́ 14 yẹn, wọ́n lè gé aṣọ èyíkéyìí. Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún náà dà bí ọmọṣẹ́ tó ń rán bọ́tìnnì aṣọ ẹbí: iṣẹ́ kan náà, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ayàwòrán kan wà tó ń bá prósẹ́sọ̀ jẹun nínú àwo kan náà, tí wọ́n jọ ń pín RAM, ìrántí kọ̀ǹpútà: alábàápín. Èyí tó ní ìrántí tirẹ̀, irú 8GB ti RTX 4060, aládàádúró ni. Aládàádúró ni géèmù ńlá ń fẹ́. Kí olùrà tún béèrè iye wáàtì, nítorí RTX 4060 kan lè máa jẹ wáàtì 35, kí òmíràn máa jẹ 115, kí orúkọ ara wọn má sì yàtọ̀.

Iye àwòrán tí ojú ń rí kò nílò orúkọ tuntun rárá: “Àwòrán mélòó ló ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan?” Bí ó bá ti tó 60, géèmù yóò máa yọ̀ geere.